Orin Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Òfin Dè

Ní ọdún 2017, ìwé ẹ̀bẹ̀ kan dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ilẹ̀ Bràsíìlì. Àwọn tó fọwọ́ sí i lé ní 20,000. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ìjọba sọ orin fọ́ńkì di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, nítorí pé, lójú tiwọn, ó ń ba àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jẹ́. Àwọn aṣòfin da ẹ̀bẹ̀ náà nù kí ọdún tó parí, ṣùgbọ́n àbùkù tí wọ́n ti fi kan àwọn tó ń kọ orin náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kúrò lára wọn.

Fọ́ńkì yìí kì í ṣe irú èyí tí James Brown kọ ní Amẹ́ríkà, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Òde ijó àwọn mẹ̀kúnnù ní Rio de Janeiro ni ó ti gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, níbi tí wọ́n ti ń lo àwo orin tó wá láti Miami. Ní 1989, DJ Marlboro gbé àwo Funk Brasil jáde, èdè Potogí sì gba ipò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, ìró ìlù àwọn ọmọ Áfíríkà wọ inú rẹ̀. Kí ọmọ Yorùbá má tíì yọ̀ jù: ìlù àwọn ará Kóńgò àti Àǹgólà ni ó sún mọ́, kì í ṣe ti Kétu.

Ẹni tó gbé orin yìí dé ojú ayé ni Konrad Dantas, ọmọ Guarujá ní etíkun ìpínlẹ̀ São Paulo. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, owó adójútòfò tí ìyá náà fi sílẹ̀ ni ó fi kọ́ṣẹ́, tí ó sì fi ra kámẹ́rà. Ní 2012, ó dá ìkànnì KondZilla sílẹ̀ lórí YouTube. Olórin tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá rí ibi tí yóò ti fi ara hàn.

Ibẹ̀ ni MC Fioti, ọmọ tálákà kan láti ẹ̀yìn ìlú São Paulo, gbé "Bum Bum Tam Tam" sí ní oṣù kẹta 2017. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, òun náà ló to ìró rẹ̀ pọ̀. Ká má purọ́, kò sí ìjìnlẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí jíjó ni. Ṣùgbọ́n fèrè inú rẹ̀! Iṣẹ́ Johann Sebastian Bach ni, ará Jámánì tó ti kú láti 1750. Ní 2018, fídíò náà di àkọ́kọ́ láti Bràsíìlì tí wọ́n wò ní ìgbà bílíọ̀nù kan lórí YouTube.

Àrùn kòrónà dé. Ilé iṣẹ́ ìwádìí Butantan ní São Paulo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1901, ń pèsè abẹ́rẹ́ àjẹsára CoronaVac pẹ̀lú àwọn ará Ṣáínà, ṣùgbọ́n Jair Bolsonaro, ààrẹ ìgbà náà, ti kéde pé òun kò ní gba abẹ́rẹ́ kankan. Ìfòyà sì gba ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé "Butantan" àti "bum bum tam tam" jọ ara wọn létí. Ní oṣù kìíní 2021, Fioti tún orin náà kọ láti fi rọ àwọn ènìyàn kí wọ́n gba abẹ́rẹ́. Inú ọgbà Butantan gan-an ni wọ́n ti ya fídíò rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ń jó fọ́ńkì pẹ̀lú rẹ̀.