Ìmọ̀ràn Méjì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní Ọdún 1892

Nígbà tí ogun bá dé etí ìlú, ogun àkọ́kọ́ kì í ṣe èyí tí a fi ìbọn jà. Ẹnu ni a fi ń ja ogun àkọ́kọ́, nínú ilé, láàárín bàbá àti ọmọ, láàárín ìjòyè àti jagunjagun. Ẹnìkan a ní kí a dúró kí a jà. Ẹnìkejì a ní kí a fún àjèjì ní ohun tí ó ń bèèrè, kí ìlú má baà tú. Àwọn tí ń ka ìtàn a máa yára kọjá ogun àkọ́kọ́ yìí kí wọ́n lè dé ibi tí ìbọn ti dún. Ṣùgbọ́n àwa fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀, kí a sì yẹ ọ̀rọ̀ ogun Ìmàgbọn wò, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní oṣù Kàrún ọdún 1892.

Kí a tó lè mọ ohun tí àwọn ará Ìjẹ̀bú ń rò, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́. Ilẹ̀ wọn wà láàárín ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè. Ẹrù tí ó ti Èkó wá tí ó ń lọ sí Ìbàdàn, àti epo àti èkùrọ́ tí ó ti òkè ń bọ̀, púpọ̀ nínú wọn ni ó ń gba ọwọ́ Ìjẹ̀bú kọjá. Ní Èjìnrìn létí ọ̀sà ni wọ́n ti ń pàdé ará Èkó. Ní Orù ni wọ́n ti ń pàdé ará Ìbàdàn. Wọn kì í sì í fẹ́ kí ará Èkó àti ará Ìbàdàn fojú kan ara wọn. Owó ibodè ti ibẹ̀ wá, èrè òwò ti ibẹ̀ wá, agbára ìlú pẹ̀lú ti ibẹ̀ wá. Ìdí nìyí tí a fi mọ Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà sí ìlú tí àlejò kì í wọ̀ bí ó ti wù ú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé Awùjalẹ̀ nìkan ni í pàṣẹ tí ilẹ̀ fi í gbọ́. Òṣùgbó wà, àwọn ìjòyè ogun wà, Pàmpá tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú sì wà. Awùjalẹ̀ Adémúyẹ̀wò Afìdípọ̀tẹ̀ rí agbára wọn. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, òun fẹ́ kí ọ̀nà Ìbàdàn wà ní títì, ṣùgbọ́n ogun ti sú àwọn ènìyàn rẹ̀, ọjà wọn sì ń bàjẹ́. Níkẹyìn wọ́n kọ̀ ọ́, ó sì fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, tí ó gorí oyè ní ọdún 1886, kò lè ṣe aláìrántí èyí.

Ní oṣù Kàrún ọdún 1891, Denton, tí ń ṣe adelé Gómìnà Èkó, lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Haúsá láti bèèrè pé kí a ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìlú kò gbà, wọn kò sì gba ẹ̀bùn tí ó mú wá. Carter, tí ó jẹ́ Gómìnà, ka èyí sí àfojúdi sí Ọbabìnrin, ó sì ní dandan ni kí wọ́n wá tọrọ àforíjì. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1892, àwọn ìránṣẹ́ Awùjalẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó. Wọ́n bẹ̀bẹ̀; wọ́n gbà pé a ó ṣí ọ̀nà; ìjọba sì ṣèlérí láti máa san £500 lọ́dọọdún dípò owó ibodè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n kọ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú méjì tí ń gbé Èkó ni ó fọwọ́ sí i ní ipò wọn. Kí òǹkàwé fi àmì sí ibẹ̀, nítorí a ó tún padà dé ibẹ̀.

Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ padà délé, ìlú pín sí méjì. Ìtàn tí a gbà fi hàn pé Awùjalẹ̀ àti púpọ̀ nínú àwọn àgbà kò fẹ́ ogun. Balógun Kúkù, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú, tí òwò ti gbé dé Ìbàdàn tí ó sì mọ ohun tí ìbọn ń ṣe, wà ní ìhà wọn. Àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn jagunjagun ni ó ní kò sí ohun tí ó jọ ọ́. Àwọn àgbà ń wí pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Àwọn ọ̀dọ́ ń dáhùn pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

A rò pé ìwé kan náà ni ìhà méjèèjì ń kà, Èkó sì ni ìwé náà. Àwọn àgbà ń ka ojú ewé ọdún 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, tí ilé jóná, tí Kòsọ́kọ́ sì sá kúrò lórí oyè tí ó wá fìdí kalẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gan-an. Àwọn ọ̀dọ́ ń ka ojú ewé tí ó tẹ̀ lé e. Akítóyè tí Gẹ̀ẹ́sì dá padà sórí oyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọdún 1852, ìwé ọ̀rẹ́ ni a sì pè é. Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, tí a fi ipá mú Dòsùmú ọmọ rẹ̀ láti fi gbogbo ìlú lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ẹni tí ó jà pàdánù Èkó. Ẹni tí ó gbà pàdánù Èkó pẹ̀lú. Ta ni yóò ha sọ pé òmùgọ̀ ni ẹni tí ó ka èyí tí kò sì mọ èwo ni yóò yàn?

A kò gbọdọ̀ fi ohun kan pamọ́. Kì í ṣe ìfẹ́ ìlú nìkan ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ó fẹ́ jà. Ẹrú wà nínú rẹ̀: ẹrú tí ó bá sá dé Èkó ti di òmìnira, àwọn olówó rẹ̀ sì mọ̀ pé bí ọ̀nà bá ṣí, púpọ̀ yóò sá lọ. Èrè alágbàtà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í sì í ṣe ìfẹ́ àlàáfíà nìkan ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ó fẹ́ gbà, nítorí ẹni tí ó bá ní ẹrù púpọ̀ nínú àká ní í kọ́kọ́ rò ó pé iná lè mú un.

Kò pẹ́ tí wọ́n dá òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ó jẹ́ òyìnbó padà lójú ọ̀nà. Carter ní wọ́n ti da májẹ̀mú. Ní oṣù Kàrún, Ọ̀gágun Scott kó àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́: àwọn Haúsá láti Èkó àti láti Gold Coast, àwọn ọmọ ogun West Indies, àti àwọn díẹ̀ láti Ìbàdàn. Iye wọn kò tó ẹgbẹ̀rún, àwọn Ìjẹ̀bú sì pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ṣùgbọ́n ìbọn Maxim wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, wọ́n pàdé létí odò Yemọji, lẹ́bàá Ìmàgbọn. Àwọn Ìjẹ̀bú kò sá ní ojú kan ṣoṣo; wọ́n jà níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ṣubú. Ní ọjọ́ kejì, 20 oṣù Kàrún, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń wí pé àwọn àgbà ni ó gbọ́n, àwọn ọ̀dọ́ sì ni ó ba ìlú jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àwọn aládùúgbò wọn tí ó gbà láìjà. Àwọn Ẹ̀gbá fọwọ́ sí ìwé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1893. A kà wọ́n sí olómìnira nínú ilé wọn títí di ọdún 1914; ní ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun yìnbọn pa ènìyàn ní Ìjẹ́mọ̀, tí òmìnira náà sì dópin. Ọ̀yọ́ fọwọ́ sí i ní oṣù Kejì ọdún 1893. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1895, Captain Bower yin àgbá lu ìlú Aláàfin. Ìbàdàn kọ́kọ́ jáfara, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹjọ ọdún 1893. Ohun tí gbígbà fún wọn ni àkókò. Fún Ẹ̀gbá, ó tó ọdún mọ́kànlélógún, àti ẹ̀mí àwọn ọmọ tí ìbá kú lójú ogun. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmìnira fúnra rẹ̀.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, níbo ni àṣìṣe Ìjẹ̀bú wà? Àwa rò pé ó wà lórí tábìlì Gómìnà ní Èkó, nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n mọ̀ pé ilé kò tíì gbà. Ìlérí tí wọ́n ṣe, àwọn tí ń ṣọ́ ibodè ni yóò mú un ṣẹ, kò sì jọ pé àwọn wọ̀nyí ti fọkàn sí i. Gómìnà náà mọ ẹni tí ó kọ̀, ó sì mọ ẹni tí ó kọ orúkọ sí i, síbẹ̀ ó pe ìwé náà ní ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú, ó sì tìtorí rẹ̀ kó ogun wá. Nínú ìlú, àwọn àgbà fi ọlá àwọn ọmọ ṣe ìlérí láìbá wọn parí ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ sì fi ẹ̀mí gbogbo ilé ta tẹ́tẹ́ láìfetí sí àgbà. Àwọn baba wa wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọgbọ́n méjèèjì wà, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó pọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi di ọ̀kan.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan tí ó kan àwa oníṣẹ́ Ìjọ. Lẹ́yìn Ìmàgbọn, ilẹ̀kùn Ìjẹ̀bú ṣí, àwọn ènìyàn sì rọ́ wọ ilé ìsìn àti ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀sìn Ìmàle pẹ̀lú tàn kálẹ̀, Balógun Kúkù tìkára rẹ̀ sì gbà á ní ọdún 1902. A ń dúpẹ́ fún Ìhìnrere níbikíbi tí ó bá dé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe wí pé ìbọn Maxim ni ó wàásù. Àwọn tí ó kú létí odò náà jẹ́ ọmọ ènìyàn, wọ́n sì kú fún ilé wọn.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ka irú ìtàn yìí ní ilẹ̀ yòówù, kí a má ṣe kọ́kọ́ bèèrè pé ta ni ó borí, kí a tó mọ ìmọ̀ràn ta ni ó dára. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè pé ta ni yóò san gbèsè ìmọ̀ràn náà, àti pé ǹjẹ́ a bi í kí a tó dá a. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1892, a kò bi àwọn ọmọ tí yóò dúró létí Yemọji. Nígbà tí wọ́n sì dá tiwọn ní oṣù Kàrún, wọn kò bi àwọn ìyá tí yóò sunkún wọn.