Ọ̀kẹ́ Kan: Òǹkà 20,000 ní Èdè Yorùbá

Ọ̀kẹ́ kan ni 20,000. Orúkọ rẹ̀ mìíràn ni ẹgbàáwàá, èyí tí í ṣe ẹgbàá (2,000) lọ́nà mẹ́wàá. Ní Savè, tí àwa ń pè ní Ṣábẹ̀ẹ́, èdè Faransé ni àwọn ọmọ fi ń kọ́ ìṣirò ní ilé ìwé. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, "ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún" ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníròyìn. A ṣe àkọsílẹ̀ yìí nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ọ̀kẹ́ lè ṣi ọ̀rọ̀ àgbà gbọ́.

Ibi tí orúkọ náà ti wá

Ọ̀kẹ́ túmọ̀ sí àpò. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì kún àpò kan. Báyìí ni iye náà ṣe gba orúkọ àpò. Owó ẹyọ tí ó ti erékùṣù Maldives wá kéré, ó sì fúyẹ́ ju èyí tí àwọn oníṣòwò Hamburg ń kó wá láti Zanzibar ní ọ̀rúndún 19. Ìwọ̀n àpò lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n 20,000 ni ọ̀kẹ́.

Bí òǹkà náà ṣe rí

Bí a bá sọ 2 di púpọ̀ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, 32 ni. Bí a bá ṣe 5 bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, 625 ni. 32 lọ́nà 625 ni ọ̀kẹ́ kan. Nítorí náà, òǹkà 30 ni ó lè pín in láìṣẹ́kù; 40, 50, 200 àti 2,000 wà lára wọn. Ènìyàn 2, 4, 5, 8, 10 tàbí 16 lè pín àpò kan dọ́gba. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ẹyọ méjì yóò ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá jẹ́ méje, ẹyọ kan.

Ipò rẹ̀ láàárín òǹkà

Ogún ni ìpìlẹ̀ ogójì, ọgọ́ta àti ọgọ́rin. Láti igba lọ sókè, ìlọ́po mẹ́wàá ni ó so àwọn òǹkà ńlá pọ̀: igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́. Ogún lọ́nà ogún ní orúkọ tirẹ̀, irinwó. Ṣùgbọ́n irinwó lọ́nà irinwó, 160,000, ọ̀kẹ́ mẹ́jọ ni à ń pè é. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni mílíọ̀nù kan.

Fún olùwádìí

Nígbà tí owó Gẹ̀ẹ́sì dé ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ka ọ̀kẹ́ kan sí ṣílè márùn-ún. Nítorí náà, bí àgbà kan bá sọ pé wọ́n san ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ 60,000 owó ẹyọ, ó sì lè jẹ́ ṣílè 15. Ẹ bi í léèrè irú owó tí ó ń sọ àti ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọ̀kẹ́ sílẹ̀ bí ó ṣe pè é, kí ẹ tó kọ òǹkà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kọ 60,000 nìkan, ẹni tí yóò kà á lọ́la kò ní mọ̀ pé àpò mẹ́ta ni wọ́n dárúkọ.