Ìtàn Ọ̀rọ̀-ìṣe "Tumble": Láti Òkìtì dé Ìṣubú

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan láti túmọ̀ sí Yorùbá: ọmọ kan ni ó tumble lórí àtẹ̀gùn. Gbogbo wọn kọ "ṣubú", àfi ẹnì kan tí ó kọ "takìtì". Mo fi bíírò pupa fa ìlà sí i, mo sì kọ "kò rí bẹ́ẹ̀" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdájọ́ yẹn ni mo fẹ́ tún yẹ̀ wò.

Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé, nínú orin Jack àti Jill tí wọ́n gun òkè lọ pọn omi. "Ṣubú" ni olùkọ́ wa pè é, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, ijó ni ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí. Tumbian ni ìrísí rẹ̀ nígbà náà. Nínú ìtumọ̀ Ìhìnrere tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní nǹkan bí ọdún 1000, òun ni wọ́n lò fún ohun tí ọmọbìnrin Hẹrọ́díà ṣe níwájú Hẹ́rọ́dù (Máàkù 6:22), níbi tí Bíbélì Yorùbá ti lo "jó". Ijó náà kì í ṣe ijó ẹ̀sọ̀ o! Ère ọmọbìnrin yìí wà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Rouen, ní ilẹ̀ Faransé, láti sẹ́ńtúrì kẹtàlá: ọwọ́ ló fi tẹlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè. Òkìtì nìyẹn, irú èyí tí àwọn eégún apidán wa ń ta lójú agbo.

Ní nǹkan bí ọdún 1300 ni tumble, pẹ̀lú -le ní ìparí, wá fara hàn fún ìṣubú. Àfòmọ́ yìí ń sọ pé ìṣe kan ń wáyé léraléra, bíi ti sparkle àti crackle. "Gbirigbiri" ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wa. Tumbler tún di orúkọ ife kan tí ìdí rẹ̀ rí roboto, tí ènìyàn kò lè gbé kalẹ̀ àfi tí ó bá mu ún tán. Tọ́ńbúlà tiwa ti rí ìdí jókòó.

Yorùbá kò da ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀. Ilé a máa wó, ọkọ̀ ojú omi a máa dojú dé, ènìyàn a máa ṣubú. Ẹni tí ó takìtì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọmọ orí àtẹ̀gùn kò mọ̀ọ́mọ̀. "Ó yí gbirigbiri ṣubú" ni èmi ìbá kọ, n kò sì ní fún akẹ́kọ̀ọ́ náà ní máàkì kíkún. Ṣùgbọ́n ǹ bá pa "kò rí bẹ́ẹ̀" rẹ́, kí n kọ "níbo lo ti rí i?" dípò rẹ̀.