Akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ́gẹ́ bí Onídàájọ́ Olùkọ́

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Kò sí ẹni tí í jiyàn òwe yìí, àfi nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Níbẹ̀ ni àgbà ti máa ń bèèrè pé: ta ni ọmọdé tí yóò sọ bí iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ti rí? Ìbéèrè náà ti pẹ́ láyé, ìdáhùn rẹ̀ sì ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní ìlú Bologna, ní ilẹ̀ Ítálì, ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀gá. Àwọn tí ó wá kọ́ òfin níbẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Àgbàlagbà àti àjèjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó tí wọ́n ń san sì ni olùkọ́ fi ń jẹun. Wọ́n kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́, wọ́n yan olórí, wọ́n sì mú kí olùkọ́ búra pé òun yóò pa òfin ẹgbẹ́ mọ́. Olùkọ́ tí ó bá pẹ́ dé yóò san owó ìtanràn. Èyí tí ó bá fo ibi tí ó le nínú ìwé yóò san tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ wọn, kí ó sì fi owó dúró pé òun yóò padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún olùkọ́, agbára bọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ó di nǹkan bí 1920 sí 1930 kí ohùn wọn tó tún padà wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé ìbéèrè ni wọ́n gbé dání. Ní 1927, H. H. Remmers àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue, ní Amẹ́ríkà, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sọ èrò rẹ̀ lórí ohun mẹ́wàá nípa olùkọ́: ìfẹ́ rẹ̀ sí iṣẹ́, bí ó ti ń ṣàlàyé, àìṣègbè rẹ̀ nínú máàkì, títí dé ìmúra rẹ̀. Lẹ́yìn rògbòdìyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan bí 1960 sí 1970, irú ìwé bẹ́ẹ̀ tàn kálẹ̀. Àwọn aláṣẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pinnu ẹni tí yóò gba ìgbéga àti ẹni tí iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dígí tí olùkọ́ ìbá fi wo ara rẹ̀ wá di pàṣán.

Ní 1973, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà sọ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n bẹ òṣèré kan lọ́wẹ̀, wọ́n pè é ní Dókítà Fox, wọ́n sì ní kí ó fi ẹ̀fẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó ń ta kora bánisọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ tí kò mọ̀. Àwọn olùgbọ́ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé, yìn ín. Bí a bá lè fi ọ̀yàyà tan àgbà jẹ, kí ni ti ọmọdé?

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Ní 1981, Peter Cohen kó ìwádìí 41 jọ, ó sì rí i pé olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yìn ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sábà ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Ní 2010, Carrell àti West fi hàn nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà pé àwọn olùkọ́ ìṣirò tí wọ́n yìn jù kọ́ ni ọmọ wọn ṣe dáadáa jù nínú ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé e. Ní 2017, Uttl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò irú àwọn ìwádìí bíi ti Cohen ṣe, wọn kò sì rí ìbáṣepọ̀ tí ó ṣe é gbára lé.

Ẹjọ́ kan ní Kánádà ló la ọ̀nà. Ní 2018, onílàjà William Kaplan pàṣẹ pé kí Yunifásítì Ryerson má ṣe fi máàkì akẹ́kọ̀ọ́ díwọ̀n bí olùkọ́ ti mọ iṣẹ́ tó nígbà ìgbéga. Kò ní kí a pa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó gbà pé wọ́n lè jẹ́rìí sí ohun tí ojú wọn rí.

Èyí bá ìṣe Bologna mu. Àní àwọn tí ó ní agbára tó bẹ́ẹ̀, ohun tí ojú rí àti etí gbọ́ ni wọ́n fi mú olùkọ́: ó pẹ́ dé, ó fo ojú ìwé, ó lọ láìgba àyè. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹlẹ́rìí tí ó dára jù lórí irú èyí. Bóyá ìmọ̀ tí a fún un jinlẹ̀ tàbí kò jinlẹ̀, ẹlẹgbẹ́ olùkọ́ àti ọjọ́ iwájú ni yóò sọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá sọ ẹlẹ́rìí di adájọ́ ti ṣi ọmọdé lò. Èyí tí ó bá sì lé ẹlẹ́rìí jáde kò fẹ́ mọ òtítọ́.