Ẹranko Tó Kú Lẹ́ẹ̀mejì

Látìgbà tí fídíò àwọn ọmọ ìkookò funfun Amẹ́ríkà yẹn ti jáde lọ́dún 2025 ni ẹ ò ti jẹ́ kí WhatsApp mi sinmi: "Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n jí ẹranko tó ti pa run dìde?" Ìdáhùn mi kúrú. Sẹ́ẹ̀lì ìkookò òde òní ni wọ́n mú, wọ́n sì tún ojú ibi 20 ṣe nínú jíìnì rẹ̀. Ẹ fúnra yín ẹ pe èyí ní ohun tó bá wù yín.

Àmọ́ ẹranko kan wà tí wọ́n bí padà ní tòótọ́, ní Sípéènì, ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Bucardo ni wọ́n ń pè é. Ewúrẹ́ igbó ni, orí òkè Pyrenees ló ń gbé, ní ààlà Sípéènì àti Faransé. Akọ rẹ̀ máa ń ní ìwo ńlá, ìwo náà ló sì kó bá a, torí àwọn olówó ọdẹ ń gun òkè wá pa á kí wọ́n lè gbé orí rẹ̀ kọ́ sára ògiri pálọ̀. Nígbà tí ìjọba dá ọgbà Ordesa sílẹ̀ lọ́dún 1918, ìwọ̀nba ló ṣẹ́ kù. Nígbà tó fi máa di 1999, ó ku ẹyọ kan, abo, tí wọ́n sọ ní Celia.

Oṣù kẹrin ọdún yẹn, dókítà ẹranko Alberto Fernández-Arias àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dẹ pàkúté mú un. Wọ́n gé awọ díẹ̀ létí rẹ̀, wọ́n so rédíò mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n tú u sílẹ̀. Ní January 6, 2000, wọ́n bá òkú rẹ̀. Igi ló wó lù ú.

Awọ etí yẹn ṣì wà nínú yìnyín. Wọ́n yọ ohun tó wà láàárín ẹyin ewúrẹ́ ilé, wọ́n fi ti Celia rọ́pò, bí wọ́n ṣe ṣe àgùntàn Dolly ní Scotland lọ́dún 1996. Wọ́n fi sínú ilé ọmọ ewúrẹ́ tó ju 50 lọ. Ẹyọ kan péré ló gbé oyún dé ọjọ́ ìbí.

July 30, 2003, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọwọ́ Fernández-Arias ni ọmọ náà bọ́ sí. Ọkàn rẹ̀ ń lù, ṣùgbọ́n kò lè mí. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi kú. Nígbà tí wọ́n là á, wọ́n rí i pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti hu ẹ̀ka kan tó le gbagidi bí ẹ̀dọ̀, kò sí àyè fún afẹ́fẹ́ mọ́.

Nílé wa, Yétúndé là bá sọ ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n ká ní Yétúndé yè, ta ni ì bá gùn ún? Abo ni Celia, abo náà ni ẹ̀dà rẹ̀, bó tiẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún. Àwọn kan dábàá pé kí wọ́n yọ krómósómù X kan, kí wọ́n fi Y ewúrẹ́ igbó mìíràn dípò rẹ̀. Lórí ìwé, ó dùn ún sọ. Mi ò fi àwọn onímọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ o, wọ́n gbìyànjú. Ohun tó ń dùn mí ni pé awọ etí tí wọ́n gé lára Celia yẹn, wọn ì bá ti gé irú rẹ̀ nígbà tí akọ ṣì wà.

Lọ́dún 2014, àwọn ará Faransé kó ìbátan bucardo láti ibòmíràn ní Sípéènì wá sórí òkè yẹn. Wọ́n kàn fi ọkọ̀ kó wọn wá ni, akọ àti abo, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Àwọn yẹn ti ń bímọ níbẹ̀. Celia fúnra rẹ̀ wà ní Torla, lẹ́bàá ọgbà Ordesa, wọ́n ti sọ òkú rẹ̀ di ohun àfiwò, ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.