Ìdákẹ́ Lórí Fọ́ọ̀mù: Ìtàn Ìdáhùn Tí Wọ́n Yàn Sílẹ̀ De Ènìyàn

Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òwe yìí bá ilé ẹjọ́ mu, ó bá ọjà mu, ó sì bá ìdílé mu. Ṣùgbọ́n ibì kan wà ní ayé òde òní tí òwe náà kò ti rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Lórí fọ́ọ̀mù íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó dákẹ́ kì í dákẹ́. Ẹlòmíràn ti bá a sọ ọ́ kí ó tó dé. Ohun tí ń ṣe iṣẹ́ náà ni àyànsílẹ̀, èyíinì ni ìdáhùn tí ẹni tí ó ṣe fọ́ọ̀mù ti yàn sílẹ̀ nínú àtòjọ, tí yóò sì dúró bí ìdáhùn ẹni tí ń kọ fọ́ọ̀mù bí onítọ̀hún kò bá fọwọ́ kàn án. Ìtàn rẹ̀ kò gùn, ó fi díẹ̀ ju 30 ọdún lọ. Síbẹ̀ ó kan ẹnikẹ́ni tí ń fi fọ́ọ̀mù ka àwọn ènìyàn àti èdè tí wọ́n ń sọ.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, bébà ni fọ́ọ̀mù. Ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ṣe ìjọba lé lórí, àwọn ọ́fíìsì a máa tẹ ìdáhùn méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn a sì ní kí ènìyàn fa ìlà pa èyí tí kò kàn án. Bí ẹni náà kò bá fa ìlà kankan, gbogbo ìdáhùn náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, akọ̀wé a sì mọ̀ lójú kan náà pé kò tíì dáhùn. Bébà kì í dáhùn fúnra rẹ̀. Àìdáhùn a máa hàn lórí rẹ̀ kedere bí ìdáhùn ti ń hàn.

Àtòjọ ìyàn ti orí íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Àpótí kékeré ni, ìlà kan ṣoṣo ni ó sì ń hàn nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá wà ní pípadé. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, àwọn ìlà yòókù a já sílẹ̀. Ẹni náà a mú ọ̀kan, àpótí a sì tún padé. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀: kì í gba àyè, kì í sì jẹ́ kí ènìyàn ṣi orúkọ ìlú tàbí ti oṣù kọ. Ṣùgbọ́n àǹfààní náà bí ìbéèrè kan: kí ni yóò hàn ní ìlà kan ṣoṣo yẹn kí ènìyàn tó yan ohunkóhun? Ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tí ń ṣe òfin èdè íntánẹ́ẹ̀tì ti fún ìbéèrè yìí láàárín 1995 sí 2014.

Ní 1989 ni Tim Berners-Lee kọ ìwé àbá rẹ̀ ní CERN, ní ẹ̀bá Geneva, lórí ohun tí ó di wẹ́ẹ̀bù lẹ́yìn náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù wà fún kíkà ju fún kíkọ lọ. Ọdún 1993 ni fọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀: Dave Raggett fi í sínú àbá rẹ̀ tí ó pè ní HTML+, ètò Mosaic tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Illinois sì ń fi fọ́ọ̀mù han àwọn ènìyàn. Ní oṣù Kọkànlá 1995, Berners-Lee àti Daniel Connolly gbé òfin HTML 2.0 jáde nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní RFC 1866. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ bí àtòjọ ìyàn ṣe gbọ́dọ̀ rí. Select ni orúkọ àtòjọ, option ni orúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, selected sì ni ọ̀rọ̀ tí a ń fi sára ìlà tí a bá fẹ́ yàn sílẹ̀. Òfin náà ṣe kedere: bí selected kò bá sí lára ìlà kankan, ìlà àkọ́kọ́ ni kí ó jẹ́ yíyàn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó jókòó.

Ṣùgbọ́n àwọn aṣàwákiri, èyíinì ni àwọn ètò tí ń fi ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì han ènìyàn, kò tẹ̀ lé òfin yìí bákan náà. Nítorí náà, nígbà tí HTML 4.01 jáde ní oṣù Kejìlá 1999, àwọn tí ó kọ ọ́ mú òfin 1995 kúrò. Wọ́n ní bí ẹni tí ó ṣe fọ́ọ̀mù kò bá yan ìlà kankan sílẹ̀, kò sí ohun tí òfin sọ nípa èyí tí yóò jẹ́ yíyàn. Wọ́n wá gba àwọn tí ń ṣe fọ́ọ̀mù nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa yan ọ̀kan sílẹ̀ nígbà gbogbo. Bí òfin ṣe dákẹ́ nìyẹn, tí ẹrù sì bọ́ sí orí ẹni tí ń ṣe fọ́ọ̀mù.

Ìdáhùn kẹta ni ti HTML5, tí W3C fọwọ́ sí ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 2014. Òfin yìí padà sí ti 1995, ṣùgbọ́n ó tún un ṣe. Nínú àpótí tí ìlà kan ṣoṣo ń hàn, tí ènìyàn kò sì lè yàn ju ẹyọ kan lọ, ìlà àkọ́kọ́ tí kò sí ní títì ni ó jẹ́ yíyàn. Bí wọ́n bá ṣèèṣì fi selected sára ìlà méjì, èyí tí ó kẹ́yìn ni ó borí. Bí ẹni tí ń kọ fọ́ọ̀mù bá sì tẹ bọ́tìnnì tí ń pa gbogbo ohun tí ó kọ rẹ́, àtòjọ kì í padà sí òfìfo. Àyànsílẹ̀ ni ó ń padà sí. Kókó kan ṣe pàtàkì jù: òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún ìlà àkọ́kọ́ tí kò ní ìtumọ̀ nínú, tí ó kàn ń sọ fún ènìyàn pé kí ó yàn. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ required sára irú àtòjọ bẹ́ẹ̀, aṣàwákiri kò ní jẹ́ kí fọ́ọ̀mù náà lọ títí ẹni náà yóò fi yan ìlà mìíràn.

Onímọ̀ èdè kò ní ṣàì rántí ohun tí ó jọ èyí nínú àkọtọ́ Yorùbá. Ohùn òkè ní àmì, ohùn ìsàlẹ̀ ní àmì, ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì tí ó bá wà ní ohùn àárín kì í ní. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé bá ní àmì tí ó yẹ wọ́n, tí igba sì wà láìní àmì, òǹkàwé mọ̀ pé 200 ni: àìsí àmì ti di àmì. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé kò bá fi àmì sí ibì kankan, igba lè jẹ́ iye náà, ó lè jẹ́ igbá tí wọ́n fi ń bu omi, ó lè jẹ́ ìgbà tí ń kọjá, ó sì lè jẹ́ igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Òfìfo méjì ni ó wà nínú ìwé náà, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀: ọ̀kan jẹ́ ohùn àárín, èkejì jẹ́ ohun tí òǹkọ̀wé kò sọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àyànsílẹ̀ ń ṣe. Bí wọ́n bá to àwọn orílẹ̀-èdè ayé ní ìtẹ̀léra lẹ́tà, ní èdè Faransé tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì, Afghanistan ni ó máa ń ṣíwájú. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti yan ilẹ̀ rẹ̀ di ọmọ Afghanistan nínú àkọsílẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò fi í hàn yàtọ̀ sí ọmọ Afghanistan tòótọ́. Àṣìṣe yẹn rọrùn láti fura sí. Èyí tí ó ṣòro ni èyí tí ó jọ òtítọ́.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí Kétu àti Àjàṣẹ́. Ìlànà ISO 639-3, tí ó jáde ní 2007, fún Yorùbá ní yor, ṣùgbọ́n ó fún Ṣábẹ̀ẹ́ ní cbj, Ìdáàṣà ní idd, àti Ifẹ̀ ti Tógò ní ife, bí ẹni pé èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àtòjọ tí ó ní Yorùbá nìkan kò fún àwọn wọ̀nyí ní ìlà tiwọn. Nínú àkójọ CLDR ti Unicode Consortium, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà ń lò, bí ètò bá béèrè yo láìdárúkọ ilẹ̀, ti Nàìjíríà ni wọ́n kà á sí. Èyí ní ìdí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tí ń sọ ọ́ pọ̀ sí jù. Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ń jẹ́ yo-BJ, ó sì ń lo ɛ àti ɔ, gẹ́gẹ́ bí àkọtọ́ tí orílẹ̀-èdè náà gbé kalẹ̀ ní 1975, tí wọ́n sì tún yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tòdìkejì ẹnubodè ni yóò rí gbà.

Ilé ẹjọ́ pàápàá ti dá sí ọ̀rọ̀ ìdákẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpótí tí wọ́n ń fàmì sí ni wọ́n gbé yẹ̀ wò, kì í ṣe àtòjọ. Ní 2011, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé bí oníṣòwò bá fi àyànsílẹ̀ gba owó lé owó ọjà, oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó náà padà. Òfin ààbò dátà wọn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2016, sọ nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ pé ìdákẹ́ àti àpótí tí wọ́n ti fàmì sí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìfọwọ́sí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2019, Ilé Ẹjọ́ Àjọ náà ní Luxembourg dá ẹjọ́ kan tí ó ti Jámánì wá ní ọ̀nà kan náà.

Gbogbo èyí kò sọ àyànsílẹ̀ di ohun búburú. Níbi tí àṣìṣe kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára, bí ọjọ́ òní lórí fọ́ọ̀mù lẹ́tà, ó ń dín wàhálà kù. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń béèrè ẹni tí ènìyàn jẹ́, ìlú rẹ̀, tàbí èdè abínibí rẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ òfìfo tí ó jẹ́wọ́ pé òfìfo ni òun, kí fọ́ọ̀mù sì dúró de ìdáhùn. Bébà àtijọ́ mọ èyí láìsí òfin kankan. Ẹni tí ó bá ka iye àwọn tí ń sọ Ṣábẹ̀ẹ́ láti inú fọ́ọ̀mù tí ó ti dáhùn fún wọn, kò ka èdè ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ẹni tí ó ṣe fọ́ọ̀mù ni ó kà.