Bí ìpayà tí kò tán nílẹ̀ ṣe ń kó bá ọkàn àwọn ọ̀dọ́bìnrin

“Àyà mi já!” Ohun tí Yorùbá máa ń sọ nìyẹn bí ìròyìn burúkú bá dé lójijì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àyà ọ̀hún ń lù kì kì kì lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń ru sókè. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, tó bá yá, ara á balẹ̀.

Àmọ́ àwọn kan wà tí ara wọn ò balẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìfipábánilòpọ̀, ìjàm̀bá ọkọ̀ tàbí ìkọlù adigunjalè. Wọ́n á máa lá àlá rẹ̀, wọ́n á máa sá fún ibi tó ti ṣẹlẹ̀, oorun ò ní wá, ariwo kékeré á sì mú wọn ta gìrì. Tó bá ti ju oṣù kan lọ, PTSD ni àwọn dókítà ń pè é. Iye obìnrin tó ń ní in tó ìlọ́po méjì ọkùnrin.

Àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà ló jẹ́ kó hàn gbangba pé ọ̀rọ̀ náà ò mọ sórí ìrònú nìkan. Lọ́dún 1989 ni ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Nurses’ Health Study II bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn obìnrin náà wà láàárín ọdún 25 sí 42. Jennifer Sumner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìlera nǹkan bí 50,000 nínú wọn wò fún 20 ọdún, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Àwọn tó ní àmì PTSD mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ tiwọn fi nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí rí.

Sìgá, sísanra jù, àìṣeré ìdárayá àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa bí ìdajì rẹ̀. Ìyẹn náà yéni: ẹni tí ò rí oorun sùn, ṣé eré ìdárayá ló máa rántí? Yàtọ̀ síyẹn, ara tó ń ṣọ́ ewu tọ̀sán-tòru ń da ádírẹ́nálìn sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń mú kí ọkàn sáré, tó sì ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti le ni pé ọ̀pọ̀ ò retí àrùn ọkàn lára ọmọbìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún. Àyà dídùn nìkan sì kọ́ ni àmì rẹ̀. Ó lè jẹ́ èémí tó ń kúrú, èébì, òógùn tútù, àárẹ̀ tí kò nídìí, tàbí ẹ̀yìn àti àgbọ̀n tó ń dunni. Tí irú èyí bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, ilé ìwòsàn ló yá, kì í ṣe pé kéèyàn lọ sùn.

PTSD fúnra rẹ̀ ní ìtọ́jú, pàápàá ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ nípa ìlera ọpọlọ. Obìnrin tí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí lè sọ ọ́ fún dókítà lọ́jọ́ tó bá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò.